Kí Ni Ká Yàn? Ìfiwéra Ọ̀nà Ìtukọ̀ Inú Ilé fún Àwa Ará Èkìtì

Tí iná bá lọ ní jíìmù tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Adó-Èkìtì, ẹ̀rọ ìsáré á dúró gbagidi, fáànù àjà á máa fà lọ títí á fi dákẹ́, kálukú á sì wá nǹkan fẹ́ ara. Igun kan ṣoṣo lariwo ò ní dáwọ́ dúró: igun tí ẹ̀rọ ìtukọ̀ wà, èyí tí a ń jókòó sórí ẹ̀ fa ọwọ́ ìdìmú bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó jókòó sórí ẹ̀ ló ń fi agbára ara ẹ̀ yí fáànù tó wà níwájú ẹ̀, fáànù yẹn náà ló sì ń fún ojú ẹ̀rọ níná bí a ti ń fà á. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi nífẹ̀ẹ́ sí i nìyẹn. Ohun tó mú mi dúró tì í ni pé mo rí i pé ọmọ Èkìtì tí kò gbé etí ọ̀sà rí lè bá ẹni tí wọ́n bí sétí odò ní Jámánì díje, kí nọ́ńbà kan náà sì ṣèdájọ́ àwọn méjèèjì.

Èkìtì Kete, ilẹ̀ òkìtì. Láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Ìkẹ́rẹ́, òkè la jí bá, òkè la ń sùn tì. Omi tí èèyàn lè máa wa ọkọ̀ eré ìdárayá lórí ẹ̀ láràárọ̀ jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Nàìjíríà ti ní atukọ̀ ní Òlíńpíìkì o: Chierika Ukogu ló kọ́kọ́ ṣojú wa, ní Rio lọ́dún 2016, Esther Toko sì tẹ̀ lé e ní Tokyo ní 2021. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Adó tó bá fẹ́ ṣe bíi tiwọn, orí ẹ̀rọ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtukọ̀ inú ilé sì ti kúrò ní eré tí àwọn atukọ̀ fi ń gbara dì nígbà òtútù nìkan. Ó ti di eré ìdíje fúnra ẹ̀. Ní Boston, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń díje lórí ẹ̀; ní 2018, àjọ ìtukọ̀ àgbáyé, World Rowing, bẹ̀rẹ̀ ìdíje àgbáyé tirẹ̀. 2000 mítà ni gbajúmọ̀ eré náà. Lọ́dún 2018 yẹn kan náà, Joshua Dunkley-Smith ará Ọsirélíà fi ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 35.8 parí ẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ kò tóbi náà ní ìsọ̀rí tirẹ̀: kílò 75 ni òpin fún ọkùnrin, kílò 61.5 fún obìnrin. Wọ́n pín in sí ọjọ́ orí pẹ̀lú, nítorí náà kò sẹ́ni tí ilẹ̀ ti ṣú bá.

Èèyàn méjì ló wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń gun ọ̀kadà, itan ẹ̀ le bí igi. Èkejì jẹ́ ìyá tíṣà kan tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kò ṣe eré ìdárayá kankan láti ìgbà tó ti jáde nílé ìwé. Oṣù kan náà làwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n yàn yàtọ̀ síra, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀ lára wọn.

Ẹ̀rọ wo?

Mi ò ní pẹ́ níbí. Oríṣi mẹ́rin ló wà. Èyí tó ní páìpù bíi ṣọ́ọ̀kù ọkọ̀ ló rọ̀ jù lówó, kì í sì í gba ààyè. Àmọ́ bí páìpù yẹn bá ti gbóná, fífà rẹ̀ á máa fúyẹ́, nítorí náà ẹ ò lè fi ìṣẹ́jú karùn-ún wé ìṣẹ́jú ogún. Èyí tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì kì í pariwo rárá. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ nílé, tó kàn fẹ́ kí ara òun le, kó rà á, kò ṣàṣìṣe. Èyí tó ń lo omi nínú àgbá dùn ún gbọ́ létí, fífà rẹ̀ sì jọ ti ojú odò.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìdíje lẹ ń lọ, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ti Concept2 ni. Àwọn arákùnrin méjì kan, Dick àti Pete Dreissigacker, ló ṣe àkọ́kọ́ ẹ̀ ní Vermont, Amẹ́ríkà, ní 1981, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe fáànù ẹ̀ nígbà náà. Òun ni wọ́n ń lò níbi ìdíje àgbáyé, orí ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi àkókò wé àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí jíìmù tó wà nítòsí yín bá ní ẹyọ kan tó ti gbó, ẹ̀yin ẹ lọ bá a. Ẹ nu ṣéènì ẹ̀, kẹ́ ẹ fi epo díẹ̀ pa á lẹ́yìn bíi wákàtí 50, á pẹ́ fún yín.

Mẹ́wàá tàbí mẹ́rin?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, irin kékeré kan wà tí wọ́n kọ 1 dé 10 sí. Dámpà ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà yẹn kọ́kọ́ dé, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sí mẹ́wàá fún mi jàre."

Mo gbé e sí mẹ́wàá. Ó fà á tagbára-tagbára, gbogbo jíìmù ń wò ó. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọwọ́ ẹ̀ ti wálẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ti tẹ̀ kọdọrọ. Mo wá bi í pé, "Tó o bá gbé èrò méjì, tó o fẹ́ gun òkè láti ìdúró, jíà wo lo máa fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé jíà kẹrin ni?" Ó wò mí, ó ní, "Rárá o, ọ̀kadà á kú." Mo ní ohun tó ṣe sí ara ẹ̀ nìyẹn.

Dámpà kì í ṣe irin àgbéga tí a ń fi kún. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé sí fáànù ló ń dínà fún tàbí ló ń yà fún. Ní mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, fáànù á tètè dẹwọ́ láàárín ìfà kan sí èkejì, ìfà kọ̀ọ̀kan á wá wúwo bí ẹni ń wa ọkọ̀ onígi ńlá. Ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fáànù á ṣì máa yí nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ ó kàn bá a lórí eré ni. Ẹ̀rọ ò sì gbè sẹ́yìn ẹnì kankan: lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan, ó ń wọn bí fáànù ṣe ń dẹwọ́ sí, ibẹ̀ ló ti ń ṣírò ohun tẹ́ ẹ ṣe. Ẹni tó wà ní mẹ́rin tó fi ẹsẹ̀ tì í gidi lè na ẹni tó wà ní mẹ́wàá.

Nọ́ńbà ara irin yẹn gan-an kò tó gbíyè lé. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò ni drag factor, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń di fáànù lọ́wọ́ tó, tó wà nínú ojú ẹ̀rọ lábẹ́ àwọn ètò mìíràn. Ìdí ni pé ẹ̀rọ méjì tó wà ní mẹ́rin lè má rí bákan náà, pàápàá nílẹ̀ wa. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa tó ń tọ títì wá á di ihò ara àwọ̀n fáànù, drag factor á máa lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kan dámpà. Mo ti rí ẹ̀rọ kan tí márùn-ún orí ẹ̀ kò ju ohun tí mẹ́ta ń fúnni lórí ẹ̀rọ tuntun. A tú àwọn èèkàn ara ẹ̀, a fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ibẹ̀, ìdọ̀tí tó jáde pọ̀.

Àárín 110 sí 130 ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu. Ìyá tíṣà wà ní 110, ọlọ́kadà wà ní 125. Ẹni tó bá ga tó sì sanra lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn tẹ́lẹ̀, kó má ṣe ju 115 lọ títí ara á fi mọ iṣẹ́ náà.

Apá ni àbí ẹsẹ̀?

Ẹni tó bá ti fa omi ní kànga láti kékeré ti mọ bí a ṣe ń fi apá fa nǹkan. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, korobá ń bọ̀. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó sórí ẹ̀rọ yìí, apá náà ló máa kọ́kọ́ rántí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń ṣe é. Ara ń lo ohun tó mọ̀ ni.

Ẹ wá fi í wé ẹni tó fẹ́ gbé àpò gààrí nílẹ̀. Kò ní ká ìgúnpá kọ́kọ́. Apá á na gbọọrọ, ọwọ́ á kọ́ àpò bí ìkọ́, ẹsẹ̀ á ti ilẹ̀, ìgbà tí orúnkún bá ti ń nà tán ni ẹ̀yìn á tó dìde. Bí ìtukọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá agbára ìfà kan ló ń tara ẹsẹ̀ wá. Ẹni tó bá ń fi apá tukọ̀ ti fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ sórí ìjókòó.

Ẹ jẹ́ ká wo ìfà kan ṣoṣo nítòsí. Ẹ wà níwájú: ojúgun dúró ṣánṣán, apá nà, ìbàdí tẹ̀ síwájú tí ara fi dà bí ọwọ́ aago tó tọ́ka sí agogo kan. Ẹ ti ẹsẹ̀. Ìjókòó àti ọwọ́ ìdìmú gbọ́dọ̀ jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ìdí bá ti sá sẹ́yìn tí ọwọ́ ṣì wà níwájú, agbára ẹsẹ̀ ti dànù. Bí ẹsẹ̀ bá kù díẹ̀ kó nà tán, ara á yí láti agogo kan lọ sí agogo mọ́kànlá. Ìgbẹ̀yìn ni apá á tó fà, ọwọ́ ìdìmú á kan abẹ́ àyà, èjìká á wà nílẹ̀. Ìpadà wá jẹ́ òdìkejì: apá nà kúrò lára, ara tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn ìyẹn nìkan ni orúnkún á tó ká.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń ṣe é dáadáa láìsí kóòṣì, ẹ wo ṣéènì. Ó yẹ kó lọ kó bọ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo, bí okùn ìsáṣọ tó le. Tó bá ń fò sókè nígbà tó ń padà, orúnkún ti tètè ká, ọwọ́ sì ní láti fò ó kọjá. Ìyá tíṣà ṣe èyí fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kó máa fi ẹsẹ̀ nìkan tì í, kí apá nà, kí ara má yí, ìfà mẹ́wàá. Ó ní, "Kóòṣì, ṣé eléyìí náà ni eré?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wo ojú ẹ̀rọ." Wáàtì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára, tó wà níbẹ̀ sún mọ́ èyí tó ń rí nígbà tó ń fi gbogbo ara fà á. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbà pé ẹsẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìlù ẹ̀ ńkọ́? Ẹ rántí bí a ṣe ń gúnyán. Ọmọ odó kì í lọ sókè pẹ̀lú ìkánjú. Ó ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wá sọ̀kalẹ̀ gbì. Ẹni tó bá ń gbé e sókè pẹ̀lú ìbínú, tó tún ń sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, iyán ò ní tíì dán kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìfà náà bẹ́ẹ̀: tẹ́ ẹ bá ń tukọ̀ jẹ́jẹ́, kí títì gba ìdá kan, kí ìpadà gba ìdá méjì. Ìpadà yẹn ni ìsinmi tẹ́ ẹ ní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa ló ń sáré padà síwájú bíi pé ẹnì kan ń lé wọn, wọ́n sì ń rò pé eré ni wọ́n ń sá.

Ẹ̀kejì ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ẹsẹ̀: ká dì í ni àbí ká tú u? Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ dì í, kó kọjá lórí ibi tí bàtà ti fẹ̀ jù. Nígbà ìdánrawò, ẹ máa tú u fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń ju ara sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ṣí kúrò, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló máa bá a wí. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ àti egungun ìhà ni ibi tí atukọ̀ ti ń fara pa jù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi agbára kún ìfà tí kò tíì tọ́.

Pípẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí kíkan lábala?

Ibi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn jiyàn jù nìyí. Ọ̀nà méjì ni. Èyí àkọ́kọ́ ni ìtukọ̀ pípẹ́: ìṣẹ́jú 40 sí 60, ìfà 18 sí 22 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú èémí tó ṣì gbà yín láyè láti sọ̀rọ̀. Èkejì ni eré alábala: 500 mítà lẹ́ẹ̀mẹjọ, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta láàárín wọn; tàbí 1000 mítà lẹ́ẹ̀mẹrin, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Wọ́n ń ṣe é ní eré ọjọ́ ìdíje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin wa mú èkejì. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, abala lójoojúmọ́, kó sì wà nílẹ̀ gbalaja lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní tí òun kò bá ṣubú lulẹ̀, òun kò tíì ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù kan, 2000 mítà ẹ̀ kúrò ní 8:02 (ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 2), ó di 7:48. Inú gbogbo wa dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún gbìyànjú: 7:49. Lẹ́yìn ìyẹn, 7:55. Oorun ẹ̀ ti ń já, ó ń kanra, ọkàn ẹ̀ ń lù kìkì láàárọ̀ kó tó dìde lórí ibùsùn.

Ìyá tíṣà mú àkọ́kọ́, kì í ṣe torí pé ó gbọ́n jù ú lọ, bí kò ṣe pé kò ní agbára fún èkejì. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, 2:50 fún 500 mítà, ó ń sọ fún mi nípa ìwé àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ bó ṣe ń fà á. Oṣù àkọ́kọ́, kò sí ohun tó yí padà tí a lè fojú rí. Ó sú u. Ìdí ń dùn ún lórí ìjókòó líle yẹn. Ní oṣù kejì, èémí tó fi ń fa 2:50 ló wá ń fa 2:42. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, 2000 mítà ẹ̀ ti kúrò ní 9:40, ó di 9:02, kò sì tíì ṣe abala kan ṣoṣo.

Kí ló fà á? 2000 mítà máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Nínú gbogbo agbára tí ara ń ná láàárín àkókò yẹn, ó kéré tán nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ń wá láti inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Ìtukọ̀ pípẹ́ ló ń kọ́ ilé fún èyí: ọkàn á máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde lẹ́ẹ̀kan, òpójẹ̀ kéékèèké á pọ̀ sí i nínú iṣan, iṣan fúnra ẹ̀ á sì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rá dáná. Nǹkan wọ̀nyí ń lọ́ra, wọ́n sì ń pẹ́ lára. Eré alábala ń kọ́ ara láti fara da oró iṣẹ́ kíkan. Ó ń yára mú èso wá, ó sì ń yára dé òpin ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni gbèsè tó ń dá sílẹ̀. Lẹ́yìn ìtukọ̀ pípẹ́, ẹ lè padà wá lọ́la. Lẹ́yìn 500 lẹ́ẹ̀mẹjọ tẹ́ ẹ fi gbogbo ara ṣe, ó yẹ kẹ́ ẹ fún ara ní ọjọ́ méjì.

Stephen Seiler, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ní Norway, wo bí àwọn ọ̀gá eléré tó ń pẹ́ lórí iṣẹ́ ṣe ń gbara dì, láti orí atukọ̀ dé orí àwọn tó ń fi igi sáré lórí yìnyín. Ohun tó rí ni pé nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún ìdánrawò wọn ló jẹ́ jẹ́jẹ́, èyí tó kù ló kan gan-an. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ kí olùwádìí tó dé. Kò ní ká má kan rárá o. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ni àárín méjèèjì: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fà á le díẹ̀, kò jẹ́jẹ́ tó láti pẹ́, kò sì kan tó láti já fáfá.

Ìdáhùn mi nìyí fún ẹni tó bá bi mí. Tẹ́ ẹ bá lè wá ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀, kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin jẹ́ pípẹ́, kí ọ̀kan jẹ́ abala. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìdíje, kí abala di méjì. Tó bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré lẹ rí, bíi ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti Ìyìn tàbí Ìkẹ́rẹ́ wọ Adó, pípẹ́ nìkan kò ní tó yín. Ẹ ṣe ọ̀kan pẹ́, ọ̀kan lábala. Bí ọjọ́ bá ṣe kéré sí ni abala á ṣe níye sí. Ìyá tíṣà náà, nígbà tó kúrò ní oṣù kẹrin, ìlọsíwájú ẹ̀ dúró. Abala kan lọ́sẹ̀ la fi kún un kó tó tún rìn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ jẹ́jẹ́? Tẹ́ ẹ bá lè kọrin, ẹ fi kún un. Tẹ́ ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ dín in kù. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, eré náà máa ń fi bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 25 lọ́ra ju ti ọjọ́ ìdíje lọ lórí 500 mítà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú ooru oṣù kejì àti ìkẹta, ọkàn á máa lù kíákíá bí òógùn ṣe ń ṣàn, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ò yí padà. Èémí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé nígbà yẹn. Àfẹ̀mọ́júmọ́ sàn ju ọ̀sán lọ. Iyán ọ̀sán kò sì bá ìtukọ̀ ìrọ̀lẹ́ rẹ́ àyàfi tí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá. Ẹ̀kọ gbígbóná tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló yẹ ẹni tó fẹ́ gun ẹ̀rọ láàárọ̀.

Ìfà púpọ̀ tàbí ìfà gígùn?

Ẹni méjì lè fi 8:00 parí 2000 mítà. Ọ̀kan fi ìfà 24 ní ìṣẹ́jú kan, ìfà 192 ló fà. Ìfà kọ̀ọ̀kan gbé e ju mítà mẹ́wàá lọ. Èkejì fi ìfà 30, ìyẹn 240, ìfà kọ̀ọ̀kan gbé e bíi mítà mẹ́jọ. Àkọ́kọ́ ń ná iṣan, èkejì ń ná èémí. Ẹni gíga, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí èémí ẹ̀ kò tíì jinlẹ̀, máa ń gbádùn 26 sí 28. Ẹni kúkúrú tí ara ẹ̀ fúyẹ́ kò ní ṣe dáadáa níbẹ̀. Kó wà ní 32 sí 34, kó má bàa jẹ́ pé itan ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kú. Èyí ò kan ìtukọ̀ pípẹ́. Níbẹ̀, gbogbo wa la ó wà ní nǹkan bí 20, torí pé ìfà kékeré níye ló ń kọ́ni láti fi ẹsẹ̀ tì í dénú.

Tí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí ńkọ́?

Òkè ń bẹ. Ẹni tó ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́, tí òkè Olósùnta ń wò ó lójú láràárọ̀, ní ohun tí ọ̀pọ̀ atukọ̀ ń wá. Rírìn kíákíá gun òkè fún ìṣẹ́jú 40 ń ṣe ọkàn àti itan lóore bíi ti ìtukọ̀ pípẹ́. Ohun tí kò lè ṣe ni ẹ̀yìn, apá àti ìlù ìfà. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá lè dé orí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí àwọn ọjọ́ tó kù jẹ́ ti òkè. Bíbọ̀ wálẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Sísáré sọ̀kalẹ̀ ń pọ́n orúnkún lójú, ẹ rìn ín.

Ọjọ́ ìdíje: ká tú u jáde ni àbí ká pín in dọ́gba?

Ojú ẹ̀rọ á kọ Sit Ready, á kọ Attention, á wá kọ ROW. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn, ara ò tíì mọ ìyà kankan, gbogbo nǹkan á fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ibẹ̀ ni eré ti ń bàjẹ́.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ẹni tó fẹ́ 8:00 gbọ́dọ̀ máa lọ ní 2:00 fún 500 mítà kọ̀ọ̀kan. Wáàtì 203 ni ìyẹn ń gbà. Tó bá gbéra pẹ̀lú 1:50, wáàtì 263 ló ń ná. Eré ẹ̀ kò fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé, ṣùgbọ́n agbára tó ń ná ti fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lé. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń bu owó lé ẹni tó ń sáré nìyẹn, kò sí ẹni tó lè bá a dúnàádúrà. Ọ̀dọ́kùnrin wa ṣe é níṣojú mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lé 8:00: 1:50, 2:01, 2:08, 2:09. 8:08 ló parí sí. Ká ní ó pín in dọ́gba ni, ẹni tó lè ṣe 8:08 pẹ̀lú irú ìnákúnàá bẹ́ẹ̀ ì bá ti sún mọ́ 8:00 dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó sinmi, ó pín in, ó sì rí 8:02.

Bí mo ṣe ń fẹ́ kí wọ́n ṣe é rèé: ìfà márùn-ún tàbí mẹ́fà àkọ́kọ́ kúkúrú, kíkan, kí fáànù lè jí. Títí dé 200 mítà, ẹ máa rọra wá eré yín, kẹ́ ẹ sì jókòó sínú ẹ̀. 500 mítà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jọ pé ó rọrùn jù. Ẹ fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. 500 kejì, ẹ má ronú, ẹ máa ka ìfà. 500 kẹta ni eré gan-an. Itan á máa jó, ohùn kan á máa sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó rán yín níṣẹ́, òpin ò sì tíì sún mọ́ tó láti fi tu ara nínú. Níbẹ̀, ẹ má wo mítà tó kù. Ẹ wo nọ́ńbà 500 nìkan, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ ti ìfà mẹ́wàá tó dára, lẹ́yìn náà mẹ́wàá mìíràn. Tó bá ku 300, ẹ gbé iye ìfà sókè, ohun tó bá kù nínú àpò, ẹ ná an.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ má sọ̀kalẹ̀. Ẹ máa fà á wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán, kí orí má bàa yí yín.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, agogo méje àárọ̀, ìyá tíṣà yóò tún gbìyànjú 2000 mítà. Ó ti kọ 2:13 sórí bébà kékeré, ó sì ti fi ṣẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ojú ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà ní òun ò ní gbérò láàárọ̀ yẹn, òun ló máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní 500 kẹta.